Ẹni Tó Ń Dúró Lápá Òsì

Kí ẹnikẹ́ni tó dá Òsì lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láyé. Èmi náà ò mọ̀, àfìgbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa nu ilẹ̀ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú bí wọ́n ṣe máa tún rìn. Màmá Ilẹ̀-Ṣì-Tutù ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, torí ohun tí mo máa ń pariwo láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nìyẹn. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Bí ẹ bá mọ ohun tí ilẹ̀ tutù lè fi ẹni tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀ ṣe, ẹ̀yin náà á pariwo.

Irin méjì ló wà láàárín gbọ̀ngàn náà, wọ́n ga dé ìbàdí. Aláìsàn á di ọ̀kan mú lọ́tùn-ún, á di èkejì mú lósì, á máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ṣì rọrùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó fi irin sílẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí ojú èèyàn lọ́jọ́ náà! Àgbàlagbà tó ti kọ́lé, tó ti tọ́mọ yanjú, á máa gbọ̀n bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń pe Ọ̀tún àti Òsì.

Ọ̀gá wa obìnrin, tí a ń pè ní Dókítà Ẹsẹ̀, ló fún iṣẹ́ wọn lórúkọ. Ó kó wọn jọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ máa fúláńkì aláìsàn." Gbogbo wa ń wo ara wa lójú. Ọ̀tún, tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, bi í pé ṣé jíjẹ ni àbí mímu. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní òyìnbó ni, kì í ṣe jíjẹ, kì í ṣe mímu. Ó ní kì í ṣe kí wọ́n di aláìsàn mú, kì í ṣe kí wọ́n gbé e, kì í sì í ṣe kí wọ́n tì í. Kí ẹnìkan wà lápá ọ̀tún ẹ̀, kí ẹnìkan wà lápá òsì ẹ̀, kí wọ́n súnmọ́ ọn débi tó fi máa máa fi igun ojú rí wọn, àmọ́ kí ọwọ́ wọn má kàn án àfi bó bá ń ṣubú. Ọ̀tún ní, "Áà! Bí ọ̀tún àti òsì ọba náà nìyẹn. Èmi ni Ọ̀tún o, ẹ má bá mi du oyè." Bó ṣe di pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ di Òsì nìyẹn. Títí dòní, orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n ò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà wá mọ́ wa lẹ́nu. Bí mo bá gbé korobá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà méjèèjì, wọ́n á ní Màmá ti fúláńkì ilẹ̀kùn. Bí ọkùnrin oníyàwó méjì kan bá wá gba ìtọ́jú, tí ìyálé jókòó níbí, tí ìyàwó jókòó lọ́hùn-ún, Ọ̀tún á rọra sọ sí mi létí pé, "Ẹ wo ẹni tí wọ́n fúláńkì pa." Aṣọ́nà wa, tó máa ń ka ìwé ìròyìn sókè kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun lọ sílé ìwé, kà á lọ́jọ́ kan pé ọlọ́pàá méjì fúláńkì olè kan wọ kóòtù. Ó ṣí ojú ewé kejì, wọ́n tún ní ọlọ́pàá méjì fúláńkì mínísítà kan wọ ibi ìpàdé. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kan náà fún olè àti mínísítà?" Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o. Ẹ má kó bá mi." Ó tún ní àwọn ológun náà ń lò ó, pé tí wọ́n bá fẹ́ fọ́ ọ̀tá, wọn ò ní gba iwájú wá, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa gbà yọ sí i. Èmi ti mọ dídúró tini látọjọ́ tó ti pẹ́, mo ti dúró ti ọkọ mi títí ó fi kú. Àmọ́ ẹnìkan ṣoṣo lè ṣe ìyẹn. Fúláńkì, ẹni méjì ló ń gbà.

Ọ̀tún lẹ́nu, Òsì ò lẹ́nu. Ẹrù ló ń rù ní ilé ìkẹ́rùsí kó tó bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ ẹ̀ tóbi, ọrùn ẹ̀ ki. Ìyàwó ẹ̀, aránṣọ, ló ní òun ò fẹ́ ọkọ tí ẹ̀yìn ẹ̀ máa kán kí àwọn tó darúgbó, ló bá wá iṣẹ́ gbọ̀ngàn fún un lọ́wọ́ oníbàárà ẹ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà bíi tiẹ̀. Dókítà Ẹsẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn pé kí Ọ̀tún máa wo ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, kí Òsì máa wo ẹsẹ̀ òsì nìkan, torí ẹni tó bá ń wo méjèèjì ò ní rí ọ̀kankan mú. Òsì gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba májẹ̀mú. Bí aláìsàn tó ti lọ sílé bá pàdé ẹ̀ ní títì, tó ní, "Ẹ ò dá mi mọ̀ ni?", Òsì á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ òsì ẹni náà, inú ẹ̀ á wá dùn, á ní, "Háà, ẹ̀yin ni!" Mo máa ń sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ òsì ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, á di ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ilé kan náà ni èmi àti Òsì àti ìyàwó ẹ̀ jọ ń gbé. Yàrá tèmi kọjú sí tiwọn, ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró ló wà láàárín wa. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti lọ sílé ọkọ nílùú mìíràn. Bí Ọ̀tún bá wá kí wọn, ìyàwó Òsì á ní, "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀," Ọ̀tún á ní, "Ìyàwó wa, ọkọ yín tòótọ́ dé o, ẹ lé ayédèrú yìí síta." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Òsì náà á rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, láìyọ eyín.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀jẹ̀ ríru gbé aránṣọ yìí ṣánlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ọmọléèwé ló ń rán lọ́wọ́. Nígbà tó máa lajú, apá ọ̀tún ò gbọ́ràn mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò gbọ́ràn mọ́, ẹnu sì wọ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ onípẹ́dà ló ní, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Mo lọ wò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màmá, mi ò bẹ Ọlọ́run pé kí n jó. Kí n ṣáà fẹsẹ̀ ara mi rìn dé ṣọ́ọ̀bù, kí n lè tẹ ẹ̀rọ mi. Bí n ò bá ránṣọ mọ́, kí ni mò ń ṣe láyé?" Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọ́n gbé e wá sí gbọ̀ngàn wa. Dókítà Ẹsẹ̀ pe Òsì sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹbí kì í fúláńkì ẹbí níbí. Ẹbí máa ń tètè dini mú." Òsì, tí kì í sọ̀rọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní bí àlejò lòun máa ṣe é. Ó ní ta ló mọ apá òsì ju òun lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó lè bí lọ́mọ, ni Dókítà bá gbà.

Kò ṣe é bí àlejò. Kò lè ṣe é ni mo wí. Ọjọ́ tí ìyàwó ẹ̀ fi irin sílẹ̀, kó tó gbẹ́sẹ̀, Òsì ti di ìbàdí ẹ̀ mú. Dókítà ní, "Ọwọ́ yín, sà." Ó tú u sílẹ̀. Kò pẹ́, ọwọ́ ti padà síbẹ̀. Ọ̀tún ní tirẹ̀ dúró lápá tó kú, apá tó le jù, ó ń fi ẹ̀fẹ̀ tan obìnrin náà síwájú: "Ìyàwó wa, ẹ gbẹ́sẹ̀, oníbàárà ti dé, ó ní ẹ fi bọ́tìnnì sẹ́yìn ṣòkòtò òun." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń rìn. Mo fi ojú ara mi rí i. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ń wọ́lẹ̀, àmọ́ ó ń tẹ̀lé e. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ó ń dáa sí i, àfi Òsì ni kò dáa. Ojú ẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà sọ ọ́ sókè, eré ló fi ń ṣe, ó ní fún Ọ̀tún pé, "Ọkọ mi, ẹ bá mi sọ fún ẹni ọwọ́ òsì mi yìí kó má gbé mi bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ṣé ó rò pé òun ṣì ń ru ẹrù ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn aláìsàn tí ẹnu wọn ò tíì tọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọ̀tún ní, "Òsì, tú ìyàwó mi sílẹ̀, jọ̀ọ́." Dókítà wá fi kún un pé láti ọjọ́ kejì, kí Òsì lọ sinmi, kí aṣọ́nà máa dúró lápá òsì fún obìnrin náà. Aṣọ́nà! Ẹni tó jẹ́ pé ìwé ìròyìn nìkan ló mọ̀ ọ́n dì mú. Mo wo ọrùn Òsì, iṣan ti yọ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbé ìyàwó ẹ̀ wá. Ó ní òun á máa kọ́ ọ nílé. Nígbà tí mo ṣíwọ́ lọ́sàn-án, mo kan ilẹ̀kùn wọn, mo ní, "Òsì, kí lo ń ṣe yìí? Obìnrin yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn." Ó ní, "Màmá, ṣé iṣẹ́ mi kọ́ ni? Àjèjì ni mo ń gbé dìde láti ọjọ́ yìí wá, ṣé n ò wá lè gbé ìyàwó mi dìde ni?" Ìyàwó ẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́yìn ẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹni méjì ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀. Mo tọrọ àforíjì tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àpò sìmẹ́ǹtì yẹn ló dùn yín." Òsì ní kò dun òun. Irọ́ ni. Ó dùn ún wọra.

Mo ní kó jẹ́ kí èmi máa dúró lápá kejì. Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ amọṣẹ́ ni, ẹ jọ̀ọ́." Orí mi gbóná, mo padà sí yàrá mi, mo gbá ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, Ọ̀tún dé. Láti ibi iṣẹ́ ló ti wá tààrà, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní òun á máa yà wá lójoojúmọ́ tí òun bá ti ṣíwọ́, kí wọ́n jọ máa fúláńkì ìyàwó wọn. Òsì dúró dí ẹnu ọ̀nà pa. Ó ní, "Ìyàwó mi ni. Kì í ṣe ìyàwó wa." Ọ̀tún rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó yí padà, ó lọ. Mo gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń sunkún nínú yàrá, Òsì sì ń sọ fún un pé kó máa wò ó, pé ó máa rìn dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kí oṣù tó parí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀dì wà lápá ọ̀tún obìnrin náà, ògiri sì tẹ̀lé e, ibi tó ń fara tì nìyẹn bó bá ti fẹ́ yẹ̀. N kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni: mo rí i pé ó ń rìn níbẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo tiẹ̀ rò ó pé bóyá orí kunkun náà máa dáa. Òsì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin tó bá ń wẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ní kí n wá bá òun wọn ọwọ́ bùbá tuntun tí òun fẹ́ gé fún ara òun, èyí tí òun máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí òun bá padà.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ló mú un jáde sí àgbàlá. Mo wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, mò ń fọ aṣọ. Mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀ọ̀dẹ̀, inú mi dùn, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ o, arìnrìn-àjò!" Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ògiri ti tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí ibi tí Òsì dúró sí. Apá òsì ló dúró sí. Apá ibi tó yè. Ó tẹrí ba díẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú láìfi kan ìyàwó ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá wa ti kọ́ ọ, ojú ẹ̀ ò kúrò lára ẹsẹ̀ òsì. Ó ń ṣe é dáadáa. Bí ẹ bá wò ó láti apá yẹn, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Mo kígbe, "Òsì! Apá kejì!" Orúnkún ọ̀tún ti yẹ̀. Obìnrin náà na ọwọ́ sí apá tí kò sẹ́nì kankan, ó sì ṣubú lu etí àtẹ̀gùn oníbíríkì. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ró. Ọkọ ẹ̀ ṣì na ọwọ́ méjèèjì sí apá òsì ẹ̀, ó dúró síbẹ̀, kò mira.

Egungun ìbàdí ló kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin sí i, àmọ́ ara tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ò gba ìyà kejì. Nígbà tí wọ́n máa gbé e padà wálé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ká mọ́ra. Dókítà Ẹsẹ̀ wá sílé wò ó fúnra ẹ̀. Ó tẹ orúnkún náà, ó tẹ ọrùn ẹsẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sọ fún Òsì àti èmi pé kò ní rìn mọ́. Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ọmọ wọn wá láti ìlú ọkọ ẹ̀, ó sunkún fún ìyá ẹ̀, kò kí bàbá ẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà lọ, torí ìyá ẹ̀ ní kò gbọdọ̀ máa wà níbi tí òun ti máa gbọ́ pé ẹlòmíì ń tẹ̀ ẹ́.

Òsì padà síbi iṣẹ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó ń dúró lápá òsì àwọn ẹni ẹlẹ́ni, ó ń wo ẹsẹ̀ òsì wọn, Ọ̀tún sì wà lápá kejì, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rìn láàárín wọn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, mo káàánú ẹ̀. Èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, torí inú ń bí mi, inú sì ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Àmọ́ mo rí i bó ṣe ń wẹ ìyàwó ẹ̀ láàárọ̀, bó ṣe ń yí i padà kí ẹ̀yìn ẹ̀ má bàa dá egbò. Kì í pariwo mọ́ ọn. Obìnrin náà ò sì dá a lóhùn ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Ọ̀tún wá. Èmi ni mo lọ pè é, mo sì sọ fún Òsì pé bó bá dí ẹnu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí, orí ẹ̀ ni mo máa fọ́ korobá mọ́. Kò dí i. Ọ̀tún wọlé, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta." Obìnrin náà ní òun fẹ́ jókòó. Àwọn ọkùnrin méjì yìí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹnìkan níhìn-ín, ẹnìkan lọ́hùn-ún, wọ́n gbé e jókòó, mo ki ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn.

Ó wo ọkọ ẹ̀. Ó ní, "Dádì, mo ti ń fẹ́ bi yín láti ọjọ́ yẹn. Ẹ mọ apá tó kú. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fọ̀ ọ́. Kí ló dé tí ẹ lọ dúró sí apá kejì?"

Òsì fa aṣọ ìbora bo ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyàwó ẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé Ọ̀tún wà níbẹ̀ ni."

Ọ̀tún fi ọwọ́ bojú. Mo fẹ́ sọ pé ṣé Ọ̀tún tó fẹnu ara ẹ̀ lé dànù ni. Àmọ́ kò parọ́. Mo mọ̀ pé kò parọ́. Obìnrin náà wò ó títí, ó wo Ọ̀tún náà, ó ní àárẹ̀ mú òun, kí wọ́n tẹ́ òun padà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ láti ọ̀tún àti láti òsì, wọ́n ń rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin, wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti kan ibùsùn.

"Ẹ lè fi mí sílẹ̀," ó ní. "Mi ò lè ṣubú mọ́."